Ìdọ̀bálẹ̀ Akínpẹ̀lú ní Emùré

Oríṣiríṣi ni wọ́n ń sọ ní Ìkẹ́rẹ́ nípa bí Akínpẹ̀lú ọmọ ọmọ mi ṣe fẹ́ ìyàwó. Àwọn kan ní àánú ló ṣe ọmọbìnrin náà. Àwọn kan ní ilé tí bàbá ọkọ fi sílẹ̀ ló wù ú. Èmi Àríkẹ́ ni mo wà láàárín wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, èmi náà ni alárinà tó ń wọ mọ́tò lọ sí Emùré pẹ̀lú orúnkún dídùn. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ bó ṣe rí.

Káfíńtà ni Akínpẹ̀lú, òrùlé ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bó bá ti gun òkè, tó kó ìṣó sẹ́nu, tó ń fi imú kọrin, ẹ ó rò pé ẹyẹ ló bà síbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí gbogbo ayé ń fi aṣọ bo imú, ó lọ kan páánù sí ilé kan ní Ìgbàrà-Odò. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, igi ń yọ̀, ó já bọ́. Ọlọ́run ò jẹ́ kó kú, ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́. Láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí o fi iná kàn án, bí o fi omi kàn án, ọ̀kan náà ni. Ọmọ tó ń gun òrùlé wá di ẹni tí à ń gbé sórí àga onítáyà.

Folúkẹ́ ọmọ mi ló bí i, òun nìkan ló sì bí kí ọkọ rẹ̀ tó kú. Tíṣà ni Folúkẹ́ ní Ìsẹ̀. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tó fi ń jáde. Èmi ti darúgbó, n ò lè yí ọkùnrin padà lórí ibùsùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wá ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n fi mú Ọmọ́rìnsọ́lá wá bá wa.

Ọmọ Emùré ni, ó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ní òsìbítù aládàáni kan. Ọmọ gíga, ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ ẹni tó ti ń gún iyán fún agbo ilé láti kékeré. Ọjọ́ tó dé, Akínpẹ̀lú kọjú sí ògiri.

"Ẹ kú uṣẹ́ o," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Iṣẹ́ wo lo bá mi lẹ́nu rẹ̀ tí o fi ń kí mi?"

"Iṣẹ́ ìbínú. Wọ́n ní ẹ ti ń ṣe é láti àárọ̀, kò sì tíì rẹ̀ yín."

Ẹ̀rín pa mí tó bẹ́ẹ̀ tí ìró mi fẹ́ tú. Akínpẹ̀lú ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yíjú padà wò ó.

Ó mú pákó pẹlẹbẹ kan dání. Ó ní orí rẹ̀ ni Akínpẹ̀lú yóò ti máa fi ìdí yọ̀ láti orí ibùsùn bọ́ sórí àga, kí wọ́n yé gbé e bí àpò kòkó. Akínpẹ̀lú gba pákó náà, ó fi ìka kàn án, ó fi ọwọ́ ra etí rẹ̀.

"Ta ló gé e? Igi yìí ò gbẹ. Etí rẹ̀ ò dán. Á ya mí nídìí, n ò sì ní mọ̀."

"Ẹ gé èyí tó dáa, nígbà náà."

Bí àpótí irinṣẹ́ tó ti ń fi ojú burúkú wò ṣe padà sí iwájú rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí wọ́n ra pákó afárá wá, ó fá a, ó fi sáńpépà họ ọ́ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan. Bó bá ti họ ọ́ tán, Rìnsọ́lá á jókòó lé e, á sún síhìn-ín, á sún sọ́hùn-ún.

"Ó ṣì ń gún mi."

"Níbo ló ti ń gún ọ?"

"Ṣé káfíńtà máa ń béèrè irú ìyẹn lọ́wọ́ oníbàárà ni?"

Akínpẹ̀lú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́. Pákó náà dán títí ó fẹ́ ṣe bíi dígí, Rìnsọ́lá ṣì ń sọ pé ó ń gún òun. Mo ní lọ́kàn mi pé pákó yìí ò ní parí bọ̀rọ̀.

Nígbà ọyẹ́, ibà dá Rìnsọ́lá dùbúlẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi ni. Folúkẹ́ wà níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá, èmi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo dé, mo bá Rìnsọ́lá lórí ẹní, Akínpẹ̀lú ń ti àga rẹ̀ bọ̀ láti ilé ìdáná. Ó ti se ẹ̀kọ fúnra rẹ̀, ó gbé abọ́ lé itan. Ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà ga díẹ̀. Àga gbọ̀n, ẹ̀kọ dà, kò wo ìsàlẹ̀. Ó na abọ́ sí i.

"Mu ún. Mo da díẹ̀ nù lọ́nà."

Rìnsọ́lá gbé orí sókè, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Awọ ojúgun ti ń bó. Ẹ̀kọ gbígbóná ti ṣàn bọ́ sínú bàtà, ọkùnrin náà jókòó tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ṣíbí fún un. Tòun ti ibà ló fi rákò dé ibẹ̀, ó bọ́ bàtà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi tútù sí i, omi ojú rẹ̀ ń já bọ́ sórí ẹsẹ̀ náà pẹ̀lú.

"Kí lò ń sunkún sí?" ni Akínpẹ̀lú wí. "Kò dùn mí."

"Mo mọ̀ pé kò dùn yín. Èmi ló ń dùn."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tèmi ti Bíbélì lábíyá. Mo mọ̀ pé èyí ti kúrò ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu. Egbò náà ń san bọ̀, ara Rìnsọ́lá ti yá, ni Akínpẹ̀lú bá pè é ní ọjọ́ kan lójú mi.

"Nọ́ọ̀sì, mo fẹ́ kí o máa lọ sílé yín. N ò fẹ́ kí o máa tọ́jú mi mọ́."

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan."

"Wọ́n kì í lé ẹni tí kò ṣe nǹkan kan."

Akínpẹ̀lú tún kọjú sí ògiri. Rìnsọ́lá kó ẹrù. Kó tó lọ, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa yẹ ìdí rẹ̀ wò láràárọ̀ kí egbò má bàa dá síbẹ̀, ó ní kí n má gbàgbé. Kò kí Akínpẹ̀lú pé ó dàbọ̀.

Mo jágbe mọ́ ọn. "Ṣé òkúta ni wọ́n fi dí àyà rẹ ni?"

"Yèyé, mo fẹ́ràn rẹ̀."

"O fẹ́ràn rẹ̀, o lé e?"

"Báwo ni n ó ṣe dẹnu kọ ẹni tó ń ti ọwọ́ ìyá mi jẹun? Bó bá kọ̀, á rò pé oúnjẹ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Bó bá gbà, èmi náà á máa rò pé nítorí oúnjẹ ni. Kó wà nílé bàbá rẹ̀, níbi tó ti lè sọ pé rárá kí nǹkan kan má ṣe é."

"O ò ṣe wá sọ bẹ́ẹ̀ fún un?"

"Ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun."

"Ṣé èmi ni n ó wá bá ọ fà á yọ?"

"Yèyé mi, ta ni mo tún ní?"

Bí mo ṣe di alárinà nìyẹn. Mo bá Rìnsọ́lá níbi tó ti ń yí kòkó nínú oòrùn níwájú ilé bàbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò wò mí lójú.

"Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jinná?"

"Ó ti jinná, àpá ló kù."

"Ẹ wá ń wá nọ́ọ̀sì mìíràn ni? Mo ní ọ̀rẹ́ kan."

Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un bó ṣe wà. Ó ń yí kòkó, ibì kan ṣoṣo ló sì ń yí, títí gbogbo rẹ̀ fi fọ́n ká.

"Ó lé mi torí pé ó fẹ́ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

"Àwọn ọkùnrin Ìkẹ́rẹ́ yìí, wọn kì í rí ọ̀nà tó tọ́ kí wọ́n gbà á." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Ẹ̀rù ń bà mí, Yèyé. Ẹni tí kò tọ́jú rẹ̀ rí lè máa fi ìfẹ́ tan ara rẹ̀. Èmi mọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Bí mo bá sọ pé rárá ńkọ́?"

"N ó bá ọ yí kòkó yìí tán, n ó sì wọkọ̀ padà sílé."

Ó ro ó. "Ẹ ní kó pè mí lórí fóònù, kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. N ò lè fẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń há lọ́fun."

Akínpẹ̀lú pè é. N ò mọ ohun tí wọ́n sọ, mo kàn mọ̀ pé ara fóònù gbóná bí iṣu inú ààrò nígbà tó gbé e fún mi kí n bá a fi ṣájà sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìgbà náà, Akínpẹ̀lú kọ́ bó ṣe ń wẹ ara rẹ̀, ó kan igi mọ́ ògiri balùwẹ̀ tó ń dì mú. Ó ní òun ò fẹ́ nọ́ọ̀sì mọ́, ìyàwó lòun ń fẹ́.

Folúkẹ́ ò bá a yọ̀. "Èmi ò sọ pé ọmọ náà burú," ó wí fún mi. "Mo gbà pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ọjọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́ ńkọ́, Ìyá mi? Ọmọ mi ti já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló lọ. Bí ó bá tún já bọ́ látọwọ́ obìnrin yìí, kí ni yóò kù?"

Emùré ni èyí tó le wà. Ògúnlẹ́yẹ, bàbá Rìnsọ́lá, àgbẹ̀ kòkó ni, ọkùnrin kúkúrú tí kì í pariwo. Ó gbé àga fún mi, ó fún mi lómi, ó tẹ́tí sí mi dé òpin.

"Ẹ ṣeun, Ìyá. Ìlera ọmọ yín, Ọlọ́run á mú un padà bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ro ó. Ọmọ mi á jí, á tọ́jú ọkọ. Ilẹ̀ á ṣú, á tọ́jú ọkọ. Ọjọ́ tí òun náà bá dùbúlẹ̀, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀?"

Mo ní Ọlọ́run. Ó ní Ọlọ́run kì í se ẹ̀kọ.

Lẹ́ẹ̀kejì tí mo lọ, ó wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ó ní òun ò ní kọ ọmọ ẹni ẹlẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbọ́ pé òun fi àbùkù kan ènìyàn. "Ṣùgbọ́n àwọn àna mi méjèèjì fi àyà lé ilẹ̀ ní pálọ̀ yìí kí wọ́n tó gba ìyàwó. Èyí náà, kó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi gbalaja, kó béèrè ọmọ mi. Bí kò bá lè dọ̀bálẹ̀, kó má béèrè."

Ẹ rí i, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó fi àṣà ti ilẹ̀kùn, kò sì sẹ́ni tó lè bá a jà. Mo sunkún nínú mọ́tò dé Ìkẹ́rẹ́.

Nígbà tí mo sọ fún Akínpẹ̀lú, ó ní kí n bá òun tẹ́ ẹní sílẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Á gbé etí pákó afárá kan lé àga, á gbé èkejì lé àpótí kékeré, á yọ̀ bọ́ sórí àpótí, á fi ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀, á wá máa wọ́ ara rẹ̀ síwájú títí àyà rẹ̀ fi kan ẹní. Ó fi orí gbá ilẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó. Folúkẹ́ dúró lójú fèrèsé ní ọjọ́ kan, ó wò ó, ó gbé bàágì rẹ̀, ó jáde padà.

"O ti ń mọ̀ ọ́n sọ̀kalẹ̀," mo wí fún un. "Báwo lo ṣe máa dìde?"

"Kò sí nínú tèmi, Yèyé. Àna kì í dá dìde. Àgbà ló ń ní kó dìde."

Nígbà tí iṣu tuntun dé, a lọ sí Emùré. Máyọ̀wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wa mọ́tò, àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ kún inú rẹ̀, iṣu àti ohun ìtọrọ ìyàwó wà lẹ́yìn. Folúkẹ́ bá wa lọ, ṣùgbọ́n ó jókòó sínú mọ́tò. Ó ní òun ò ní wo ọmọ òun nílẹ̀.

Pálọ̀ kún fún àwọn ará ilé Ògúnlẹ́yẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ Akínpẹ̀lú dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́ẹ̀kan náà. Ògúnlẹ́yẹ ò wò wọ́n, àga onítáyà ló ń wò. Mo rò pé ó ń retí kí a bẹ̀ ẹ́, kó sì fi ọ̀wọ̀ lé wa lọ.

Akínpẹ̀lú gbé pákó àti àpótí kékeré rẹ̀ jáde. Máyọ̀wá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, Akínpẹ̀lú mi orí sí i. Ó yọ̀ bọ́ sórí àpótí. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ó wọ́, ó mí, ó tún wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀lé e bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ ń ká sókè, títí àyà rẹ̀ àti iwájú orí rẹ̀ fi kan sìmẹ́ńtì níwájú bàtà Ògúnlẹ́yẹ.

"Bàbá, èmi Akínpẹ̀lú ni mo wá tọrọ Ọmọ́rìnsọ́lá lọ́wọ́ yín."

Adìẹ kan ń ké lẹ́yìn ilé.

"Dìde," ni Ògúnlẹ́yẹ wí.

Akínpẹ̀lú ò mira.

"Mo ní kó o dìde."

"Bàbá, ìdọ̀bálẹ̀ ni ti ọmọ, mo ti ṣe é. N ò lè dìde. Bí ẹ bá fẹ́ kí n dìde, ẹ̀yin ni ẹ ó gbé mi. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi gbé mi padà sínú mọ́tò, n ò ní bínú sí yín."

Ojú Ògúnlẹ́yẹ ti bọ́ sí ojúgun rẹ̀, níbi tí ṣòkòtò ti ká kúrò. Àpá náà pupa, ó tóbi.

"Kí ló jó ọ lẹ́sẹ̀?"

"Ẹ̀kọ ni, Bàbá."

"Ẹ̀kọ báwo?"

Wọ́n ti fi Rìnsọ́lá pamọ́ sí yàrá bí a ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ti ṣílẹ̀kùn. "Èmi ló gbé e bọ̀ fún, Bàbá mi. Ibà ló dá mi dùbúlẹ̀, kò sẹ́nìkan nílé. Ó se é, ó dà á sára, kò mọ̀. Èyí tó kù ló ń fi ṣíbí bù fún mi."

Ògúnlẹ́yẹ wo ọmọ rẹ̀. Ó wo èmi náà. Mo mọ̀ pé ó ń rántí ohun tó bi mí. Ó ṣí fìlà, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó di Akínpẹ̀lú lápá, ó fà á. Kò ṣeé ṣe. Ó tún fà á.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀," ni Rìnsọ́lá wí, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ẹ má fa apá rẹ̀. Ẹ bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gba abẹ́ abíyá rẹ̀ wọlé, kí àyà yín kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yá."

Bàbá àti ọmọ gbé e dé orí àpótí, wọ́n gbé e dé orí àga. Òógùn bo Ògúnlẹ́yẹ lójú. Ó dúró, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ.

"Ojoojúmọ́ lo ń ṣe èyí?"

"Rárá. Bó bá ṣubú nìkan ni. Ó ti ń ṣe èyí tó kù fúnra rẹ̀."

"Ó wúwo ju kòkó lọ."

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Akínpẹ̀lú wí. "Mo jẹun kí n tó wá."

Ìyàwó Ògúnlẹ́yẹ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà gbogbo pálọ̀. Ọkùnrin náà gba fìlà rẹ̀ padà, ó dé e.

"Ẹ lọ kó uṣu yín wọlé," ló wí.

Folúkẹ́ ti gbọ́ ẹ̀rín láti inú mọ́tò. Òun náà gbé iṣu kan wọlé, ó gbé e sílẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi.

Wọ́n ti di tọkọtaya báyìí, èmi náà ṣì wà lókè eèpẹ̀. Akínpẹ̀lú ń kan àga àti tábìlì níwájú ilé. Ọmọ ò tíì dé. Dókítà ní ó lè dé, ó lè má dé. Àwọn ìgbà kan wà tí mo máa ń rí Rìnsọ́lá tó ń wo ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, tó bá rí mi, á bi mí bóyá orúnkún ń dùn mí. À ń retí.

Ní àkókò òjò tó kọjá, egbò dá sí Akínpẹ̀lú nídìí, ibà bá a wọlé. Kò lè jókòó, kò lè wẹ ara rẹ̀ mọ́. Rìnsọ́lá ń yí i, ó ń wẹ egbò, ó ń fọ aṣọ ibùsùn, títí ojú rẹ̀ fi wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a tó jókòó sílẹ̀ níwájú balùwẹ̀, ó gbé korobá omi sí ẹ̀gbẹ́, ó fi orí ti ògiri, ó ń sunkún láìpariwo.

"Ó ti rẹ̀ mí, Yèyé," ló wí. "Ẹ má sọ fún un."

Folúkẹ́ ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó fẹ́ máa lọ sí Ìsẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó ti gbọ́. Mo wòye pé ọjọ́ tó ń bẹ̀rù láti ìbẹ̀rẹ̀ ló dé yìí. Mo sì ń retí ohun tí yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Ó gbé bàágì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé korobá náà.

"Lọ sùn," ó wí fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Kí ìwọ tó wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́."